Ronald Ross: Oníṣègùn tí ó kọ́ ayé bí ibà ṣe ń ràn, tí ìṣirò rẹ̀ sì wúlò fún àhesọ ọ̀rọ̀

Àwọn àgbà wa gbà pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ni iye ènìyàn tí irọ́ náà yóò ti ṣe ní jàǹbá kí ọjọ́ náà tó pé. Lóde òní tí fóònù wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, tí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ ní Ìbàdàn lè dé Lọ́ńdọ̀nù kí onítọ̀hún tó bu omi mu, àwọn onímọ̀ ń fi ìṣirò wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Bí a bá sì tọ ipasẹ̀ ìṣirò náà padà sẹ́yìn, ẹnu ọ̀nà oníṣègùn kan ni yóò gbé wa dé, ẹni tí kò gbọ́ orúkọ íńtánẹ́ẹ̀tì rí títí ó fi dágbére fáyé ní ọdún 1932. Ronald Ross ni orúkọ rẹ̀. Òun kan náà ni ó fi hàn pé ẹ̀fọn, tí àwọn mìíràn ń pè ní yànmùyánmú, ni ó ń gbé ibà láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn.

Ọjọ́ 13, oṣù Karùn-ún, ọdún 1857 ni wọ́n bí Ross sí ìlú Almora ní apá àríwá ilẹ̀ Íńdíà, nígbà tí ilẹ̀ náà wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ogun ni baba rẹ̀, Campbell Ross, ó sì di ọ̀gágun ńlá kí ó tó fẹ̀yìntì. Ọmọ 10 ni baba náà bí, Ronald sì ni àkọ́bí wọn. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 8, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀ ní erékùṣù Wight ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ kàwé. Ewì ni ọmọ náà fẹ́ràn, àti orin, àti àwòrán yíyà, àti ìṣirò. Kò sí èyí tí ó jẹ mọ́ ìṣègùn nínú wọn. Ṣùgbọ́n baba rẹ̀ ti pinnu pé oníṣègùn ni yóò jẹ́, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ní ọdún 1874, ó wọ ilé ìwòsàn St Bartholomew ní Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ṣẹ́. Ọkàn rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀kọ́ náà, ìdánwò kan tilẹ̀ gbé e ṣánlẹ̀ kí ó tó yege. Ní ọdún 1881, ó wọ iṣẹ́ ìṣègùn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, ó sì padà sí ilẹ̀ tí wọ́n gbé bí i.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un níbẹ̀ kò gba gbogbo àkókò rẹ̀. Ó ń kọ ewì àti ìtàn àròsọ, ó sì ń ka ìwé ìṣirò láìní olùkọ́ kankan. Ní ọdún 1883, nígbà tí ó wà ní Bangalore, ẹ̀fọn kò jẹ́ kí ó gbádùn nínú ilé tí ó ń gbé. Ó wò yí ká, ó sì rí i pé inú àgbá omi kan tí ó wà nítòsí fèrèsé ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i. Ó da omi inú àgbá náà nù, ẹ̀fọn sì dín kù. Kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ohun tí òun rí lọ́jọ́ náà ni òun yóò fi gbogbo ìyókù ayé òun jà fún. Ní ọdún 1889, nígbà tí ó gba ìsinmi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé Rosa Bloxam níyàwó, ọmọ mẹ́rin ni wọ́n sì bí.

Ní àkókò tí à ń sọ yìí, afẹ́fẹ́ búburú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ń fa ibà. Àní orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe àìsàn náà, málàríà, ọ̀rọ̀ àwọn ará Ítálì ni, afẹ́fẹ́ búburú náà ni ó sì túmọ̀ sí. Kì í ṣe pé àwọn tí wọ́n gba èyí gbọ́ jẹ́ òmùgọ̀. Wọ́n rí i pé ibi tí àbàtà bá wà ni ibà ń gbé pọ̀, òórùn àbàtà sì ni imú wọn ń gbọ́. Láàárín tiwa náà, títí di òní, a ṣì ń rí àwọn tí wọ́n ń sọ pé oòrùn tí ó pa ènìyàn ni ó dá ibà sí i lára. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó jọ òótọ́ ṣe máa ń pẹ́ nílẹ̀ ju irọ́ gbangba lọ.

Ní ọdún 1880, oníṣègùn ilẹ̀ Faransé kan, Alphonse Laveran, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní ilẹ̀ Algeria. Bí kòkòrò náà ṣe ń dé inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ní ọdún 1894, Patrick Manson, àgbà oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù, fi kòkòrò yìí han Ross, ó sì sọ fún un pé òun fura sí ẹ̀fọn. Ọ̀rọ̀ náà wọ Ross lára ṣinṣin. Nígbà tí ó padà sí Íńdíà ní ọdún 1895, ó gbé iṣẹ́ náà lé orí.

Ó tó ọdún méjì tí ó fi ń la ikùn ẹ̀fọn láìrí nǹkan kan, nítorí pé irú ẹ̀fọn tí kì í gbé ibà ènìyàn ni ó ń yẹ̀ wò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1897, ní ìlú Secunderabad, irú ẹ̀fọn mìíràn tí ìyẹ́ rẹ̀ ní àmì tó-tò-tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Aláìsàn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Husein Khan gbà kí àwọn ẹ̀fọn náà jẹ òun, Ross sì ń san ánà 1, owó ilẹ̀ Íńdíà, fún un lórí ẹ̀fọn kọ̀ọ̀kan. Ooru mú gidigidi, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n fẹ́ abẹ̀bẹ̀, kí atẹ́gùn má baà gbé àwọn ẹ̀fọn náà lọ. Òógùn ojú rẹ̀ ti mú kí irin awò tí ó fi ń wo kòkòrò dípẹtà, gíláàsì rẹ̀ sì ti sán. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, lára àpòlúkù ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀fọn tí ó kẹ́yìn, ó rí àwọn nǹkan róbótó tí àwọ̀ dúdú kòkòrò ibà wà nínú wọn. Ọwọ́ ti tẹ olè. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ yìí náà ni wọ́n ń pè ní Ọjọ́ Ẹ̀fọn Lágbàáyé títí di òní.

Ṣùgbọ́n kí ó tó parí iṣẹ́, ìjọba gbé e lọ sí Kherwara, níbi tí aláìsàn ibà kò ti pọ̀ tó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Nígbà tí wọ́n tún gbé e dé Calcutta ní ọdún 1898, ibà tí ń ṣe ẹyẹ ni ó mú ṣe. Òun àti Mahomed Bux tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ tọ kòkòrò náà láti àpòlúkù ẹ̀fọn dé ibi tí itọ́ rẹ̀ ń gbé, ní oṣù Keje ọdún náà, wọ́n sì rí i pé nígbà tí ẹ̀fọn bá ń jẹ ẹyẹ tí ara rẹ̀ le ni kòkòrò ń wọlé sí i lára. Kí ọdún náà tó parí, Giovanni Battista Grassi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì fi irú rẹ̀ hàn fún ibà ènìyàn. Ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ross àti Grassi lórí ẹni tí ògo náà tọ́ sí. Ní ọdún 1902, Ross nìkan ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn, òun sì ni ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí yóò gba ẹ̀bùn Nobel kankan. Síbẹ̀, kò dẹ́kun ìjà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́ yóò sọ pé ọkùnrin náà kì í gbàgbé ẹni tí ó bá ṣẹ̀ ẹ́, àti pé iṣẹ́ àwọn ará Ítálì náà kì í ṣe kékeré.

Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ó kọ́kọ́ gbé ìmọ̀ tuntun yìí lọ. Ní ọdún 1899, ó di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ilẹ̀ olóoru ní Liverpool, ó sì lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sierra Leone tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró. Ó tún padà síbẹ̀ ní ọdún 1901. Ní Èkó tiwa níhìn-ín, Gómìnà William MacGregor, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ oníṣègùn, tí ó sì ṣe gómìnà láti 1899 sí 1904, gba ẹ̀kọ́ Ross wọlé. Ó ń pín kuníìnì fún ará ìlú, ó sì ń mú kí wọ́n la ọ̀nà fún omi tí ó dúró nínú àbàtà. Odò tí wọ́n gbẹ́ láàárín erékùṣù Èkó àti Ìkòyí jẹ́ orúkọ MacGregor yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1902, òun àti Ross jọ lọ sí Ismailia ní ilẹ̀ Íjíbítì. Wọ́n rọ omi ìdọ̀tí dànù níbẹ̀, wọ́n da epo sí èyí tí kò ṣeé rọ dànù, ibà sì dín kù lọ́nà tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu.

Kì í ṣe gbogbo ibi ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ní Mian Mir, ibùdó àwọn ọmọ ogun nítòsí Lahore, wọ́n gbìyànjú láti ọdún 1902 láti lé ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n ibà kò lọ. Àwọn alátakò Ross wá ní ohun tí wọn yóò sọ. Wọ́n ní kò sí bí ènìyàn ṣe lè pa gbogbo ẹ̀fọn tán, àti pé bí a bá pa ti ìhín, ti ọ̀hún yóò fò wá. Ìjọba tí kò fẹ́ náwó sì rí àwáwí. Ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rọ̀ mọ́ àríyànjiyàn yìí, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ àwọn alátakò bá borí, a jẹ́ pé kí gbogbo ayé ká ọwọ́ lẹ́rán kí ibà máa pa ọmọdé lọ ni.

Ibí yìí ni ìṣirò tí Ross kọ́ fúnra rẹ̀ ti wúlò. Ìjọba rán an lọ sí erékùṣù Mauritius ní ọdún 1907, nínú ìwé àbọ̀ tí ó kọ ní ọdún 1908 ni ó sì ti fi ìṣirò gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Kò ṣòro láti yé. Ká ní aláìsàn kan, nípasẹ̀ ẹ̀fọn, kó ibà ran ènìyàn méjì, tí àwọn náà tún kó o ran méjì méjì. Ènìyàn 1 yóò di 2, 2 yóò di 4, 4 yóò di 8. Ní ìgbésẹ̀ kẹwàá, wọn yóò ti di 1,024. Ṣùgbọ́n ká ní a dín ẹ̀fọn kù títí ó fi jẹ́ pé aláìsàn 100 kò lè kó o ran ju 80 lọ. 100 yóò di 80, 80 yóò di 64, 64 yóò di 51, nígbà tí yóò bá fi di ìgbésẹ̀ kẹwàá, wọn kò ní tó 11. Ẹ̀fọn ṣì wà nílùú o, ṣùgbọ́n ibà ń kú lọ fúnra rẹ̀. Ààlà kan wà, bí a bá ti dín ẹ̀fọn kù rékọjá rẹ̀, àìsàn náà kò ní lè dá dúró mọ́. Kò di ìgbà tí a bá pa gbogbo wọn tán.

Ní ọdún 1911 tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè dá a lọ́lá tí ó di Sir Ronald, ó mú ìṣirò náà gbòòrò sí i nínú ìwé rẹ̀ lórí dídènà ibà. Láàárín 1916 àti 1917, ó ṣe ìyókù pẹ̀lú Hilda Hudson, obìnrin kan tí ó gbóná nínú ìmọ̀ ìṣirò. Ìgbà náà ni Ross pín ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ènìyàn sí ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni irú èyí tí kò kan iye àwọn tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, bí ìjàǹbá. Kì í ṣe nítorí pé ẹnì kan jábọ́ lórí igi ni ẹlòmíràn yóò ṣe jábọ́. Ìkejì ni èyí tí ó ń pọ̀ sí i bí àwọn tí ó ti bá ṣe ń pọ̀ sí i. Àìsàn tí ń ràn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ross kò dúró síbẹ̀. Ó fi ẹgbẹ́ ẹ̀sìn tí ń wàásù kún un, àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àti ẹgbẹ́ òṣèlú, nítorí pé láti ẹnu ẹnì kan sí etí ẹnì kejì ni wọ́n fi ń gbilẹ̀. Ó ti rí i pé ohun tí ń ti ọkàn dé ọkàn àti ohun tí ń ti ara dé ara lè tẹ̀lé ìlànà ìṣirò kan náà.

Ìbànújẹ́ kò jìnnà sí i ní àwọn ọdún náà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Ronald Campbell, kú sójú ogun ní Le Cateau ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914, nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Owó náà kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ là kárí ayé yìí. Ní ọdún 1928, ó polówó àwọn ìwé àti lẹ́tà rẹ̀ fún títà kí ó lè rí nǹkan fi sílẹ̀ fún ìdílé rẹ̀, obìnrin olówó kan tí wọ́n ń pè ní Lady Houston sì rà wọ́n ní £2,000. Ọdún 1926 ni wọ́n ti ṣí ilé ìwòsàn àti ibi ìwádìí tí wọ́n fi sọrí rẹ̀ ní Putney, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún 1931. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1932, Ross náà jáde láyé nínú ilé ìwòsàn tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ yìí, ní ẹni ọdún 75.

Àwọn tí ó fi sílẹ̀ kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú. Anderson McKendrick, oníṣègùn tí ó bá a lọ sí Sierra Leone ní ọdún 1901, darapọ̀ mọ́ William Kermack, ẹni tí ìbúgbàù fọ́ lójú nínú ilé ìwádìí ní ọdún 1924. Ní ọdún 1927, àwọn méjèèjì pín ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn wọ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn tí àìsàn kò tíì mú, àwọn tí ó ń mú lọ́wọ́, àti àwọn tí ó ti kúrò lára wọn. Ní ọdún 1964, Daryl Daley àti David Kendall gbé ìlànà yìí sórí àhesọ. Wọ́n ní ọ̀nà mẹ́ta náà ni ó pín ìlú sí: àwọn tí kò tíì gbọ́, àwọn tí ń sọ ọ́ kiri, àti àwọn tí ó ti gbọ́ ṣùgbọ́n tí wọn kò sọ ọ́ mọ́. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀. Ara ni ó ń lé àìsàn lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ń pa ẹnu oníròyìn mọ́ ni pé kí ó pàdé ẹni tí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ṣáájú. Bí adùn ìròyìn bá ti tán, ẹnu a dákẹ́. Ìṣirò wọn fi hàn pé nínú ìlú ńlá tí ẹnì kan bá ti bẹ̀rẹ̀ àhesọ báyìí, nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìlú ni kò ní gbọ́ ọ rárá kí ó tó kú.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti yàtọ̀ sí ọjọ́. Ìṣirò 1964 gbà pé ẹnikẹ́ni lè pàdé ẹnikẹ́ni. Lórí ìkànnì ayélujára, ẹnì kan ní ọ̀rẹ́ 50, ẹlòmíràn ní olùtẹ̀lé mílíọ̀nù kan. Ní ọdún 2001, Romualdo Pastor-Satorras àti Alessandro Vespignani fi hàn pé nínú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, ààlà tí Ross sọ̀rọ̀ rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá, nítorí pé àwọn tí wọ́n mọ ènìyàn púpọ̀ kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kú. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ mẹ́ta yẹ nǹkan bí ìròyìn 126,000 wò, èyí tí àwọn ènìyàn pín kiri lórí Twitter láti 2006 sí 2017. Wọ́n rí i pé ìròyìn òótọ́ ń lo nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà àkókò tí irọ́ ń lò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ 1,500 ènìyàn.

A ti fojú ara wa rí i ní Nàìjíríà. Nígbà tí àrùn Ebola wọ ìlú Èkó ní ọdún 2014, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù káàkiri ní oṣù Kẹjọ pé kí àwọn ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún, kí àrùn náà má baà mú wọn. Ọ̀pọ̀ ni kò sùn lóru ọjọ́ náà. Ọ̀rẹ́ ń pe ọ̀rẹ́, ìyá ń pe ọmọ. Àjọ ìlera àgbáyé kéde nínú oṣù náà pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti bá omi iyọ̀ yìí lọ. Ìfẹ́ ni ó mú kí àwọn ènìyàn máa pe ara wọn, ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà ni ó di ìyẹ́ fún irọ́.

Ẹ̀kọ́ Ross sì ni àwọn tí wọ́n ń wá ojútùú padà lọ kó, bí wọn kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, WhatsApp ṣòfin pé ènìyàn kò lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí ju ibi márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, wọ́n dín èyí tí ó bá ti rìn jìnnà kù sí ibì kan ṣoṣo, ilé-iṣẹ́ náà sì kéde lẹ́yìn náà pé irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dín kù ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọn kò pa ẹnu ẹnikẹ́ni dé. Wọ́n kàn da omi inú àgbá nù ni.

Ìdí nìyí tí ìtàn oníṣègùn yìí kò fi yẹ kí ó parí sórí ibà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń wí pé irọ́ ti pọ̀ jù láyé, pé kò sí ohun tí ẹnì kan lè ṣe sí i. Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n sọ fún Ross nípa ẹ̀fọn. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò dìgbà tí a bá mú gbogbo rẹ̀ tán. Bí ẹni tí ì bá sọ ọ́ fún ènìyàn méjì bá sọ ọ́ fún ẹnì kan, bí ẹni tí ì bá sọ ọ́ fún ẹnì kan bá gbé e mì títí yóò fi wádìí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lè rékọjá ààlà, kí ó sì kú kí ó tó pa ọmọ ẹlòmíràn. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, kò ṣeé kó. Ẹni tí kò jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ òun ti ṣe ipa tirẹ̀.